Ẹ̀rọ Kòtàsé

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Kòtàsé ni tọmọdé tàgbà ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹ́ lọ́nà méjì. Nígbà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà tí kò nípọn tó irun orí mọ́ àyè rẹ̀, kì í tún un lẹ̀. Nínú géèmù tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ń gbá ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, níbi tí èèyàn márùn-ún ti ń dọdẹ èèyàn márùn-ún kiri inú ìlú àwókù, ẹni tó bá ṣèèṣì yọrí síwájú Kòtàsé, kó yáa máa dágbére fún ayé. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, kálukú nílé tirẹ̀, tí wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn létí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni àwọn oníbàárà ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì bí ọmọ, kò sì tíì bí kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló dàgbà sí, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí Kòtàsé ní ó ti rẹ òun ní ọdún méjì sẹ́yìn, tó kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, inú obìnrin náà dùn débi pé kò bi í pé kí ló rẹ ọkùnrin tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ó yẹ kó bi í. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń bèèrè ohun tó bà jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé ohun tó dára lé e lọ́wọ́?

Ohun mẹ́ta ni Kòtàsé fi kọ́ ọ ju gbogbo ohun yòókù lọ. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ tó bá ń wọ́, ibì kan wà tí ọ̀nà ti fún nínú rẹ̀. "Wá ibi tí ọ̀nà ti fún. Bí páìpù bá dí, tí omi wá ń kán tó, tó, má lọ ra táǹkì tuntun. Tó o bá sì la ibì kan tán, ibòmíràn ni yóò kù tó fún. La ìyẹn náà."

Ìkejì, ẹ̀rín ló bá a wá. Oníbàárà kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá nígbà náà lọ́hùn-ún pé ó ń wọ́ bí ìgbín. Ìyá Kọ̀ǹpútà, tí kò tíì di ìyá ẹnikẹ́ni nígbà náà, pààrọ̀ ẹ̀yà mẹ́ta lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ ò yéé wọ́. Kòtàsé dé, kò fọwọ́ kan síkúrúdíráfà. Ó ṣí ojú-ewé tí wọ́n ti ń to géèmù, ó wo ìlà kẹta, níbi tí wọ́n máa ń kọ iye àwòrán tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí. Ẹnì kan ti kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síbẹ̀. Ó pa á rẹ́, ẹ̀rọ ta kìjí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n kó ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu, ìwọ wá ń pààrọ̀ pátákò rẹ̀!" Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń pe ìlà kẹta yẹn ní ìjánu. Kó tó tú ẹ̀rọ kankan, "Ṣé o ti wo ìjánu?" ni Kòtàsé máa ń kọ́kọ́ bi í, ẹ̀rín a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹta ni fídíò. Bí gbogbo àyẹ̀wò bá pin, tí oníǹkan ṣì ń ráhùn, gbé fóònù kalẹ̀, kí ó máa ya ọwọ́ oníǹkan àti ojú kọ̀ǹpútà pọ̀, kí o wá wò ó díẹ̀díẹ̀. Wàá rí ìgbà tí ìka tẹ bọ́tìnnì, wàá rí ìgbà tí ẹ̀rọ dáhùn. "Oníǹkan lè parọ́, ẹ̀rọ lè parọ́," Kòtàsé a ní, "fídíò ò mọ irọ́ ọ́ pa."

Ó wá ṣe, ẹ̀rọ Kòtàsé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ẹ̀rọ ọdún mọ́kànlá ni, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. "Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn," ni Kòtàsé ń sọ. "Wọ́n á ti yìnbọn pa mí tán kí ó tó dáhùn. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́."

Oníṣègùn eyín kan, tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀rẹ́ márààrún, pe Ìyá Kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹ̀rọ bọ̀ọ̀dá yín. Ìdíje géèmù wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó kù ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ká wá ẹlòmíì. Èmi ni mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ ni mọ̀nà," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà dá a lóhùn. "Ọdún mọ́kànlá ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà bá wa tún un ṣe."

Ìyá Kọ̀ǹpútà mọ ohun tí Sátidé jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan ni ọjọ́ tí orúkọ Kòtàsé ṣì yẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, bọ̀ọ̀dá lásán ni, tó ń jókòó sí pálọ̀ wo fèrèsé. Bí wọ́n bá fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, kò mọ ohun tí yóò kù nínú ọkùnrin náà. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ náà yóò sáré tí yóò fi máa wá ibi tí yóò sá gbà.

Ó kọ́kọ́ wo ìjánu. Kò sí ìjánu. Iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà jẹ́ méjìlélógún, ìyẹn sì kéré fún géèmù ayé òde òní. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti rí ohun tó máa bá jà.

Sátidé àkọ́kọ́, ó mú mẹ́mórì tuntun wá, ó fi ìlọ́po méjì rọ́pò ti àtijọ́. Kòtàsé ló ń bá a mú síkúrúù dání, bí ìgbà àtijọ́, àmọ́ wọ́n wá gba ipò ara wọn. Síkúrúù náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. "Àwọn síkúrúù òde òní yìí ti kéré jù," ni àbúrò rẹ̀ wí, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ wá wọn. Àwọn síkúrúù ọdún mọ́kànlá ni wọ́n.

Ẹ̀rọ yá díẹ̀. Kòtàsé gbá géèmù, ó kú, ó kú, ó tún kú. "Ó ṣì ń wọ́," ló wí.

Sátidé kejì, ó yọ háàdì díìsìkì tó ń dún bí ẹni ń họ ìkòkò, ó fi èyí tí kì í dún rárá sí i. Sátidé kẹta, káàdì àwòrán, èyí tó nípọn bíi bíríkì, tó fi jẹ́ pé ó ní láti gé irin díẹ̀ kúrò nínú àpótí ẹ̀rọ kó tó gbà á. Iye àwòrán fò dé àádọ́rin. Ìyá Kọ̀ǹpútà pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Kòtàsé gbé ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ó jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tó fi yọ ọ́ kúrò.

"Ó ṣì ń wọ́, àbúrò."

"Ọpọlọ rẹ̀ ló kù, bọ̀ọ̀dá mi. Àgbà ti dé sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti fún báyìí."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Kòtàsé wí.

Ìyàwó Kòtàsé wà ní kíṣìnì, ó ń gbá àfọ́kù ife jọ. Ìkẹrin nìyẹn lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ wọlé wá bu omi mu, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀rọ yẹn nìkan kọ́ ló ń wọ́ nínú ilé yìí o."

Ìyá Kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà fẹ́ kí n pààrọ̀ káàdì yín ni?"

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. "Mo ní kí bọ̀ọ̀dá yín jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ṣé ọsibítù ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba ìkejì jáde. Ẹ má bínú sí Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ní síkúrúdíráfà lọ́wọ́, síkúrúù ló ń wá kiri. Ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, kò sì mọ̀, torí làpálàpá yẹn hàn, ó sì mọ oògùn rẹ̀.

Sátidé kẹrin, ó tú gbogbo rẹ̀ pátá. Ó yọ bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo ẹ̀yà jókòó lé, ó yọ ọpọlọ ẹ̀rọ, ó fi tuntun méjèèjì sí i. Nígbà tó kan kí wọ́n fi ìpara díẹ̀ sáàárín ọpọlọ àti fáànù kí ooru lè rọ́nà jáde, ó gbé ìpara náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọlá. Ẹ̀kán kékeré kan ló yẹ kó jẹ́. Ọwọ́ Kòtàsé gbọ̀n, ìpara náà tú yàà sórí bọ́ọ̀dù. Àbúrò rẹ̀ fara balẹ̀ nù ún kúrò, ó sì fi ẹ̀kán kékeré náà sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ di ogóje àwòrán. Kò sí ohun tó tún kù nínú àpótí náà tó jẹ́ ti ọdún mọ́kànlá àfi àpótí náà fúnra rẹ̀. Ní ọ̀nà ilé, ó kó gbogbo ẹ̀yà àtijọ́ sínú báàgì kan, ó fún ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin, ẹni náà sì dà wọ́n sínú ọmọlanke rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bó ṣe ń rìn lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Kòtàsé pè é. "Ó ṣì ń wọ́."

Inú bí Ìyá Kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sí ẹ̀rọ náà ni. Ó kù ọ̀sẹ̀ kan kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé ó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sórí ìwé mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó yí i títí tí ọwọ́ ọ̀tún Kòtàsé àti ojú kọ̀ǹpútà fi wà nínú rẹ̀ pọ̀, ó ní, "Ẹ máa gbá a lọ bí ẹ ṣe ń gbá a. Èmi fẹ́ mú olè yìí lónìí."

Kòtàsé gbá a. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tó lọ sí balùwẹ̀, àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wo fídíò náà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀tá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú kọ̀ǹpútà gbé e wá gbangba, gbogbo ara rẹ̀, títí dé bàtà. Ìka Kòtàsé wà lórí máòsì, kò mira. Ọ̀tá yí ojú sí i. Ìka kò mira. Ọ̀tá gbé ìbọn sókè. Ìka wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó gbéra, ó kọjá bọ́tìnnì, ó padà, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe kan bọ́tìnnì gẹ́lẹ́ ni ìbọn dún. Ẹ̀rọ ò fi ohunkóhun falẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn kó tó di pé ojú lè ṣẹ́. Ó wo ikú kejì, ó wo ìkẹta. Bákan náà ni wọ́n rí.

Gbogbo síkúrúù tó ti já bọ́ wá síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ìpara, àti ife, àti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn.

"Kí lo rí?" Kòtàsé ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó jọ pé... síkírìnì yìí ni, bọ̀ọ̀dá mi. Síkírìnì ló ń pẹ́. Mo máa mú òmíràn bọ̀."

"Gbé fóònù yẹn wá."

"Bọ̀ọ̀dá mi, kò hàn dáadáa—"

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yà á? Gbé e wá."

Ó gbé e fún un. Kòtàsé wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó dá a padà, ó tún wò ó. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò wo ojú kọ̀ǹpútà inú fídíò náà mọ́, ìka nìkan ló ń wò. Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi," ló wí.

Àbúrò rẹ̀ mú fóònù náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Àwọn ẹ̀yà àtijọ́ ńkọ́? Bọ́ọ̀dù yẹn, àti ọpọlọ rẹ̀?"

"Mo ti fún ọkùnrin tó ń ra àlòkù irin."

Kòtàsé mi orí. "Ò bá ti tọ́jú wọn fún mi," ló wí, ohùn rẹ̀ ò le. "Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn bó ṣe wà."

Ìgbà náà ló tó yé Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ọdún mọ́kànlá yẹn ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ru ẹ̀bi, ó ń rù ú láìráhùn, òun wá fi síkúrúdíráfà yọ ọ́ lórí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tìfẹ́tìfẹ́, títí kò fi ku ohun tí ọkùnrin náà lè nawọ́ sí àfi ara rẹ̀. Ó ti la gbogbo ibi tí ọ̀nà ti fún. Ibi tó kù, kò sí ẹni tó ń tà á.

Kòtàsé ò jókòó sídìí ẹ̀rọ náà mọ́. Ó gbà láti lọ sí ọsibítù lẹ́yìn ìyẹn, dókítà sì sọ fún òun àti ìyàwó rẹ̀ pé ọwọ́ nìkan kọ́ ni àìsàn náà máa mú, pé ìrántí rẹ̀ náà yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀, pé oògùn kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Oníṣègùn eyín pe Ìyá Kọ̀ǹpútà láti sọ pé àwọn ti rí ẹlòmíì. Ó tọrọ àforíjì tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà ní láti gé fóònù mọ́ ọn létí.

Oṣù méjì kọjá. Ìyàwó ní bọ̀ọ̀dá yín kì í sọ̀rọ̀ mọ́ o, ọkọ mi, fèrèsé ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ dalẹ́.

Ohun tí Ìyá Kọ̀ǹpútà wá ṣe, kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́. Ó wá sílé náà lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ, ó tàn án. Ó ṣí ojú-ewé ìtò géèmù. Sí ìlà kẹta, ó kọ ogún. Ẹ̀rọ tó fi oṣù kan tún ṣe dojú rú lójú rẹ̀, ó ń wọ́, ó ń fọ́ àwòrán sí wẹ́wẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìjánu sí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti kọ́kọ́ wò. Ó fẹ́ kó rí i. Ó fẹ́ kó bú òun, kó rẹ́rìn-ín, kí àwọn méjèèjì wá jọ ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, kí ẹ̀rọ tún máa bá wọn ru ẹrù náà lọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá wò ó. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Kòtàsé jókòó. Kò sí ọ̀rẹ́ létí rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ nìkan ló ń bá gbá a. Ọ̀tá yọ, Kòtàsé kú. Òmíràn yọ, ó tún kú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì.

"Ẹ̀rọ yìí ń wọ́!"

Ohùn àtijọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣìnì, ọwọ́ rẹ̀ ń kán fún omi. Omi lé ròrò sójú Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti gbà á, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Ó mọ ohun tí mo ṣe, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ó ń wọ́ lóòótọ́, bọ̀ọ̀dá mi."

"Mo ti sọ fún yín!" Kòtàsé ti ń ṣí ojú-ewé ìtò. Ọwọ́ àgbẹ̀ kì í gbàgbé oko: máòsì lọ tààrà sí ìlà kẹta, ó dúró síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ di àga mú. Ó ti múra sílẹ̀ de èébú.

Kòtàsé tẹjú mọ́ ọn. Ó fi ìka gbígbọ̀n kan ojú síkírìnì.

"Àbúrò, ogún tí wọ́n kọ síbí yìí, kí ló wà fún?"

Ó dúró de ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín ò wá. Ọkùnrin náà ń wo ojú rẹ̀, ó ń dúró de èsì, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà ṣe máa ń dúró lẹ́nu káńtà.

"Kò wà fún nǹkan kan, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ fi sílẹ̀."

Kòtàsé pa ojú-ewé náà dé. "Tó o bá ráyè, bá mi wo inú rẹ̀," ló wí, ó tún ti dojú kọ ìlú àwókù náà. "Ọdún mọ́kànlá ti pọ̀. Ó lè jẹ́ mẹ́mórì ló yẹ ká kọ́kọ́ pààrọ̀."

"Mo máa mú un bọ̀ ní Sátidé," ni àbúrò rẹ̀ wí.